Ohùn Mi Lẹ́nu Ẹlòmíràn

“Ẹ tún ti tètè sunkún jù, Ìyá Wúrà. Ojú kò tíì mọ̀ pé òun fẹ́ sunkún, ohùn ti ń ké.”

Láṣebìkan, olùdarí fíìmù, ló ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ìbídùnní kàn mi orí. Olóhùn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ẹ̀gbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìjọba fi sí i lọ́rùn ti ń móoru láti àárọ̀, bí ó bá sì gbóná tán, ó parí nìyẹn, ẹ̀rọ kò ní gba ohùn rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Lára ògiri tó kọjú sí i, ojú Morẹ́nikéjì, olójú tó ń ṣe eré náà, tóbi bí ilẹ̀kùn ààfin. Ojú náà rẹwà, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n tan fìtílà sẹ́yìn wọn. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó ń ti ibẹ̀ jáde, nítorí pé wọn kì í gba ohùn olójú nígbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán rẹ̀. Ìbídùnní ló máa fi gbogbo rẹ̀ sí i: èémí, ẹ̀rín, ẹkún, àti ikọ́ pàápàá. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ ohùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ojú rẹ̀. Bí ó bá dé ìdí ọlọ́jà kan tó ní, “Ẹ fi ènì sí i,” àwọn èèyàn á yíjú kíá, wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Morẹ́nikéjì ló ń bọ̀ lọ́hùn-ún.

“Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀,” ni Láṣebìkan wí. “Ó máa gbé itọ́ mì kó tó sunkún. Ẹ dúró de itọ́ yẹn.”

Wọ́n dá àwòrán padà. Ìbídùnní dúró de itọ́, ó wá jẹ́ kí ẹkún náà yọ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Bí ó ti ń sunkún lọ́wọ́ ló rí ojú ara rẹ̀ fírí nínú gíláàsì, lábẹ́ ojú ńlá yẹn: imú wú, ojú pọ́n, iṣan ọrùn yọ bí okùn. Ó mọ̀ pé òun kò burẹ́wà. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ni kò ní burẹ́wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó tóbi bí ilẹ̀kùn?

“Ó ti bọ́ sí i!” Láṣebìkan pàtẹ́wọ́. “Ó ku ìparí. Lọ́la, ọ̀rọ̀ yín yẹn la máa fi kádìí rẹ̀. Àwọn aráàlú ti ń retí ẹ̀. *Ilé ti ń béèrè yín.*”

Ìbídùnní yíjú kúrò lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ fún un nígbà yẹn. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn, ẹni tó kọ ìtàn fi ọ̀rọ̀ gbígbẹ kan síbi tí obìnrin náà ti ń pàdé ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ káàbọ̀, mo ti ń retí yín.” Ìbídùnní lanu láti sọ bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn ló jáde. “Ilé ti ń béèrè yín láti àárọ̀. Ẹ wá jókòó tì mí.” Láṣebìkan fò sókè lórí àga. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọge ń fi ṣeré lójú ọ̀nà, àwọn aya tuntun ń sọ ọ́ fún ọkọ wọn, kò sì sí ẹni tó bi Ìbídùnní léèrè ibi tó ti mú un wá.

Ilé rẹ̀ ló ti mú un wá. Ohun tó máa ń sọ fún Akínlàjà ọkọ rẹ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkùnrin náà bá ti ìdí omi dé. Ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ́ fún un gbẹ̀yìn. Nílé, Ìbídùnní kì í sọ̀rọ̀, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀, níbikíbi, ló ń mú ẹ̀gbà náà gbóná. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á pàtẹ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ omi, á fi ìka kan ètè. Wúràọlá, ọmọ wọn tó ń gbé nílé ìwé báyìí, ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọwọ́ ìyá rẹ̀ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé. Ohùn tí ń bọ́ wọn kò gbọdọ̀ rẹ̀, ohun tí Ìbídùnní máa ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ náà, Láṣebìkan jẹ́ kó tètè lọ. Ó gba orí afárá pákó tó kọjá lórí ọ̀sà. Ẹ̀pẹ́ ti di ìlú ńlá láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ilé orí òpó sì kún gbogbo ojú omi. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ni wọ́n gbé ojú òpópónà sí, kámẹ́rà roboto tó ní ìpéǹpéjú irin. Ìbídùnní pàdé ìyá arúgbó kan tó gbé ọsàn, ó kí i pé, “Ẹ kú ọrùn o, màmá.” Kó tó sọ ọ́ tán, ìpéǹpéjú méjì tó sún mọ́ wọn ti pa dé, *kẹ́kẹ́*. Ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ló sọ fún wọn pé olóhùn ni. Ẹ̀rọ kan kò gbọdọ̀ rí ojú ènìyàn kó tún gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ah, olóhùn ni yín?” ni ìyá náà wí. “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kí Ọdún Ẹ̀tàn yẹn tún padà wá, tí wọ́n ń fi ohùn èké sí ojú ẹni.”

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń lọ. Ibi tó ti fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà sílé ló ti rí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ìdí ilé sinimá. Ọkọ̀ aláwọ̀ aró ni, tapólì tí wọ́n lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì bo àwọn irinṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Òun gan-an ló rán ìlẹ̀mọ́ tapólì náà.

Ọkọ̀ Akínlàjà ni. Láàárọ̀, ó sọ pé ilẹ̀kùn omi tó wà ní Ejìnrìn ló há, òun sì ń lọ tún un ṣe. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ilẹ̀kùn yẹn ti ń há.

Ìbídùnní wọlé.

Òkùnkùn ṣú nínú sinimá náà, èrò sì pọ̀. Fíìmù ọjọ́sí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti kọjá ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí akéde máa ń sọ pé, “Ojú yìí kò ni ohùn yìí, ohùn yìí kò ni ojú yìí,” tí èrò á sì dáhùn pé, “Òótọ́ la fẹ́ wò!” Ìbídùnní dúró sẹ́yìn, ó ń wá orí kan láàárín orí. Kò pẹ́ tó fi rí i. Èjìká Akínlàjà kò ṣeé ṣì mọ̀. Ó jókòó sí ìlà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó ti wẹ̀, ó wọ bùbá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

Ó wẹ̀! Ó wẹ̀ kó tó wá!

Ìbídùnní rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tó ti lè rí ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aṣọ funfun ń tàn sí i lójú. Ó ranjú mọ́ Morẹ́nikéjì. Ètè rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún bí ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ. Obìnrin inú àwòrán ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé òpó ilé. Ìbídùnní mọ ibẹ̀ dáadáa. Ó mọ iye èémí tó kù.

Ó padà sí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú ti àwòrán:

“Ilé ti ń béèrè yín láti àárọ̀.”

Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akínlàjà ta gìrì, ó yíjú. Ọkùnrin méjì yíjú. Ẹnì kan ní, “Ta nìyẹn?” Akínlàjà kò yíjú. Nígbà náà ni ètè Morẹ́nikéjì ṣẹ̀ṣẹ̀ là lórí aṣọ, tí ohùn kan náà ti ibẹ̀ wá, tó kún gbogbo ilé, “Ilé ti ń béèrè yín láti àárọ̀. Ẹ wá jókòó tì mí,” omi sì bọ́ lójú Akínlàjà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Ìbídùnní jáde. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Bí ó ti ń lọ lórí afárá, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti họ gbogbo ẹran àyà rẹ̀ kúrò, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí egungun. Ká ní ọkọ rẹ̀ ní obìnrin kan níta ni, ì bá mọ ibi tó máa bá a jà dé. Ṣùgbọ́n èyí? Ohùn òun ni. Ọ̀rọ̀ òun ni. Òun gan-an ló gbé ohùn ìfẹ́ wọ ẹlòmíràn bí ẹni gbé ẹ̀wù fún aláwìn, ọkọ òun wá ń fẹ́ ẹni tó wọ̀ ọ́.

Kò lọ sílé. Ilé Òǹtẹ̀ ló lọ, níbi tí olóhùn àti olójú ti ń tẹ àdéhùn wọn lọ́dọ̀ ìjọba.

Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Oyèéwùmí ló wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá gba ohùn yín padà, gbogbo fíìmù tí ojú yẹn ti ṣe ni ẹnu rẹ̀ máa dí? Èyí tó ti jáde àti èyí tí kò tíì jáde?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Kí ló fi ṣe yín?”

“A ò tíì pàdé rí.”

“Ẹ ò tíì pàdé rí, inú wá bí yín tó báyìí?” Bàbá náà wò ó títí, ó wá ti gíláàsì kékeré kan sí i. “Ẹ tẹ̀ ẹ́. Òfin ní ká ránṣẹ́ sí olójú lónìí. Bí oòrùn bá fi máa wọ̀ lọ́la, ohùn yín á ti padà sọ́dọ̀ yín. Bí ẹ bá yí ọkàn padà kó tó dìgbà náà, ẹ wá tún un tẹ̀.”

Ìbídùnní fi àtàǹpàkò tẹ gíláàsì náà. Ó tutù, inú òun náà sì tutù díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbá ọlọ́ṣà létí.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìbídùnní wà ní ilé ìdáná tó ń ro èbà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí ọmọbìnrin kúkúrú kan tó fi aṣọ bo imú àti ẹnu, gẹ́gẹ́ bí gbogbo olójú ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níta. Ó sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, ó ṣí aṣọ náà.

Morẹ́nikéjì ni.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Ìbídùnní ni pé, *Ó mà kéré o.* Ojú tó máa ń kún ògiri kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Irorẹ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì rẹwà, inú sì tún bí Ìbídùnní nítorí rẹ̀.

“O ò gbọdọ̀ wà níbí,” ló wí pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ojú àti ohùn lábẹ́ òrùlé kan! Bí wọ́n bá bá ọ níbí, iṣẹ́ àwa méjèèjì ti tán.”

“Àǹtí, ṣé ẹ kò ti pa á tán lónìí ni?”

Ìbídùnní ta gìrì. Ohùn náà nípọn, ó sì há, bí ohùn ẹni tí èéfín ti ń fín lọ́nà ọ̀fun láti kékeré. Ó ń fọ́ níbi kan, ó ń dí níbi kan. Inú Ìbídùnní dùn. Kò lè purọ́ fún ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í lẹ́yìn náà.

Morẹ́nikéjì rí i. “Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Ìyá mi ló ń yan ẹja, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nínú èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?”

“Ọkọ mi ń lọ wò ọ́ ní sinimá.”

“Gbogbo ọkọ ló ń lọ wò mí.”

“Ó ń sunkún. Ó wẹ̀ kó tó lọ.”

Morẹ́nikéjì jókòó sórí àpótí láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. “Ẹ̀yin lẹ ń jowú mi? Àǹtí, èmi ni mò ń jowú yín! Ọkùnrin kan wà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, á ní kí n sinmi, ó ti rẹ̀ mí. Á wá tan fíìmù wa, á gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, á máa gbọ́ yín. Ó ní kí n máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ.” Ó fi ọwọ́ gbá ètè ara rẹ̀. “Mò ń là á, Àǹtí. Èmi, aṣiwèrè, mò ń là á.”

Ìbídùnní yíjú sí ìdáná. Èbà ń gan nínú ìkòkò.

“Èmi kò bá òfin jà o,” ni Morẹ́nikéjì tẹ̀síwájú. “Ọdún Ẹ̀tàn ni bàbá mi kú. Ẹnì kan ṣe àwòrán rẹ̀, ó fi ohùn rẹ̀ sí i lẹ́nu, gbogbo ìlú sì rí i tó ń ṣépè fún wọn. Bàbá mi wà lójú omi níbi tó ti ń dẹ àwọ̀n. Kó tó gúnlẹ̀, wọ́n ti ń dúró dè é ní èbúté. Nítorí náà, bí ìjọba bá ní kí n má fi ohùn mi sí ojú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba tiyín lọ, ta ló tún máa fún mi ní ohùn? Ta ló máa fẹ́ wo odi?”

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí. Akínlàjà wọlé, báàgì irinṣẹ́ wà ní èjìká rẹ̀. Ó rí ọmọbìnrin tó jókòó sórí àpótí, báàgì náà yọ́ bọ́ sílẹ̀.

Ìbídùnní wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ káàbọ̀,” ló wí.

Akínlàjà wo ẹnu Morẹ́nikéjì. “Ẹ ṣé o,” ló dá a lóhùn, tìtìjú-tìtìjú. “Ẹ ṣé gan-an.”

Morẹ́nikéjì dìde, ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.”

Ojú Akínlàjà rẹ̀ sílẹ̀, bí ojú ẹni tó fi ọkàn sí ọbẹ̀ tó wá bá a láìníyọ̀. Kò pẹ́ lójú rẹ̀, ó tètè tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjèèjì ti rí i. Wọ́n wo ara wọn. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìbídùnní wo ojú náà tí kò fi wá ibi tí èémí yóò bọ́ sí.

“Ẹ rí i, Àǹtí?” ni Morẹ́nikéjì wí. Ó bo ẹnu rẹ̀, ó jáde lọ.

Akínlàjà ń ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Kò gbójú sókè.

“Ejìnrìn ńkọ́?” ni Ìbídùnní bi í.

“Kò há.”

“Mo wà ní sinimá lónìí. Ẹ̀yìn yín gan-an ni mo dúró sí. Mo pè yín, àwọn tó jókòó tì yín yíjú wò mí. Ẹ̀yin kò yíjú.”

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lórí sípánà kan. “Ìwọ nìyẹn?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́, Bàbá Wúrà?”

“Mo rò pé ẹ̀rọ ni,” ló wí. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín irinṣẹ́. “Dùnní, gbọ́. Nínú ilé yìí, àtẹ́wọ́ ni mo ń gbọ́. O pàtẹ́wọ́, mo jẹun. O pàtẹ́wọ́, mo dìde. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹgbẹ́ mi fà mí lọ síbẹ̀, mo jókòó, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti èmi nìkan mọ̀! O tà á, o ò sọ fún mi. Kí n má lọ gbọ́ ọ? Ibo ni mo tún ti máa gbọ́ ọ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùnní lára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n owú kò tíì jẹun yó.

“Èmi lẹ lọ gbọ́?”

“Ìwọ ni.”

“Kí ló dé tí ẹ fi wẹ̀?”

Akínlàjà ń yí sípánà náà lọ́wọ́.

“Nígbà tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ pa ojú yín dé?”

Ì bá ti purọ́. Irọ́ kékeré kan ì bá parí ìjà náà, wọn ì bá sì jẹ èbà kó tó gan tán. Ọkùnrin náà gbé sípánà náà sínú báàgì.

“Rárá,” ló wí. “Mi ò pa ojú dé. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Bí mo bá pa ojú dé, ó máa ń ku nǹkan kan. Bí o bá sì wà níwájú mi níbí tí o dákẹ́, ó tún ń ku nǹkan kan. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Wọ́n jẹ èbà tó ti gan náà. Ìbídùnní kò pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Láṣebìkan ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. “Ìyá Wúrà, wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Ilé Òǹtẹ̀. Ẹ fẹ́ pa wá ni? Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, a ó ṣe é.”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣiṣẹ́,” ni Ìbídùnní wí.

Ó wọ yàrá ohùn. Wọ́n tan àwòrán ìparí. Morẹ́nikéjì dúró létí omi, ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó gbé ọwọ́ lé òpó. Ìbídùnní mí fún un. Ó fún un ní ìrìn, ó fún un ní ẹ̀rín kékeré tí ènìyàn máa ń rín bí kò bá dá a lójú pé ẹni tó ń bọ̀ lẹni tí òun ń retí. Ó ń ṣe é, ó ń ronú ọmọbìnrin kan tó ń la ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn fún ọkùnrin tí kò fẹ́ gbọ́ ọ. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Owú kì í kú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè gba ẹ̀rín náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó ti fi í sí i lẹ́nu tán, ó sì bá a mu.

Ètè Morẹ́nikéjì là. Ibi ọ̀rọ̀ náà dé.

Ìbídùnní pa ẹnu mọ́.

Lórí ògiri, ẹnu ńlá náà ń mì, ó ń wí, kò sì sí ohun kan tó jáde, àfi omi tó ń lu òpó.

“Ẹ tún un ṣe,” ni Láṣebìkan wí. “Ẹ ti fò ó.”

“Mi ò fò ó. Ohùn mi wà fún un, títí kan ẹkún rẹ̀, títí kan ikọ́ rẹ̀. Mo máa padà lọ sí Ilé Òǹtẹ̀ lọ tún un tẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò sí fún títà mọ́.”

“Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́! Àwọn èèyàn máa rí i pé ẹnu ń mì!”

“Ẹ jẹ́ kó mì.”

Láṣebìkan dá àwòrán padà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnu tó ń wí láìsí ohùn, omi, òpó, ọkùnrin tó ń bọ̀. Ó yọ fìlà, ó tún un dé. “Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n sọ wá lókùúta,” ló wí níkẹyìn, ó sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Oyèéwùmí kò bi í léèrè ohun kan nígbà tó tún gíláàsì tẹ̀. Ó kàn ní, “Ẹ kú inú rere,” Ìbídùnní sì fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe inú rere, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ti ń móoru, ó sì ní ibi tó fẹ́ ná èyí tó kù sí.

Ó délé ṣáájú ọkọ rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé, ó gbé àga méjì sójú kan. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Akínlàjà ti ojú omi dé lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹrẹ̀ wà ní ṣòkòtò rẹ̀, ó ń rùn bí koríko omi. Ó rí i, ó dúró.

“Ilé ti ń béèrè yín láti àárọ̀,” ni Ìbídùnní wí. Kì í ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo ohùn rẹ̀ ló fi sọ ọ́, èyí tó ń kún sinimá. “Ẹ wá jókòó tì mí.”

Akínlàjà pa ojú dé.

Ó pa á dé pẹ̀lú ìgbádùn, bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi tútù kan ẹnu. Owú dìde nínú Ìbídùnní bí iná orí pápá. Ta ló ń wò nínú ibẹ̀? Ojú ta ló gbé wọ ohùn òun nínú òkùnkùn tirẹ̀, níbi tí òfin kankan kò dé?

Ó sún mọ́ ọn, ó gbé àtàǹpàkò méjèèjì lé ìpéǹpéjú rẹ̀, ó fà wọ́n sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ẹ lajú, Bàbá Wúrà. Èmi ni mò ń sọ ọ́.”

Ọkùnrin náà lajú. Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó ń wá ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Ó wo imú rẹ̀, ó wo ìlà àárẹ̀ tó wà lábẹ́ ojú rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wò ó lójú. Ẹ̀gbà ń jó Ìbídùnní lọ́rùn. Kò dúró. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó lè rí bí ètè òun ṣe ń mì.